Másùnmáwo Lára Adìyẹ: Òògùn Tó Ń Dí Ọ̀nà Họ́mónù àti Ohun Tó Yẹ Kí Ọlọ́sìn ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ Mọ̀

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹranko yóò sọ fún wa pé adìyẹ kò ní ẹṣẹ́ òógùn rárá, nítorí náà kò lè làágùn bí ènìyàn tàbí ẹṣin. Síbẹ̀, ohun tí òwe náà ń sọ kò yẹ̀. Ìyà ń jẹ adìyẹ lábẹ́ ìyẹ́, ẹni tó ni ín kì í sì í tètè mọ̀, àfi ìgbà tí ẹyin bá dín kù, tí èèpo ẹyin bá fẹ́lẹ́, tàbí tí ó bá òkú nílẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ìyà abẹ́ ìyẹ́ yìí ni a ó máa pè ní másùnmáwo. Láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ ti ń yẹ irú òògùn kan wò, èyí tó ń dí ọ̀nà mọ́ họ́mónù tí másùnmáwo ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ. Ǹjẹ́ irú òògùn bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́? Ó wà. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọlọ́sìn bù ú sínú omi tàbí oúnjẹ adìyẹ rẹ̀? Kò yẹ. A ṣe àlàyé ìdáhùn méjèèjì sí ìsàlẹ̀ yìí, a sì to àwọn ọ̀nà tí kò léwu tí ọlọ́sìn lè gbà dé ibi tí ó ń lọ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jẹ́ méjì nínú ẹkùn márùn-ún tí a fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn pe Ìpínlẹ̀ Èkó ní IBILE. Níhìn-ín ni ilẹ̀ oko ṣì kù sí jù lọ ní ìpínlẹ̀ wa. Láti Odógunyàn títí dé Ìmọta, àti lójú ọ̀nà tó gba Itókìn já sí Ẹ̀pẹ́, ilé adìyẹ kò ṣọ̀wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ni a fi páànù bò, tí a sì fi wáyà yí ẹ̀gbẹ́ wọn ká kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé.

Ohun méjì ló mú kí másùnmáwo wọ́pọ̀ ní agbègbè yìí. Àkọ́kọ́ ni ooru. Adìyẹ tó ń yé ẹyin máa ń gbádùn ara rẹ̀ jù lọ bí ooru ilé bá wà láàárín ìwọ̀n 18°C sí 24°C. Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún, ooru ọ̀sán lè dé 33°C lọ́dọ̀ wa, abẹ́ páànù sì máa ń gbóná ju ìta lọ. Ooru ara adìyẹ fúnra rẹ̀ wà láàárín 41°C sí 42°C. Bí ó bá fẹ́ tu ara rẹ̀ lára, yóò ya ẹnu, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí oruku omi ọ̀fun rẹ̀ lè gbé ooru jáde. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti orí ọ̀sà ti kún fún ọ̀rinrin tẹ́lẹ̀, kò sì tún lè gba omi púpọ̀ mọ́ra. Nítorí náà, 33°C létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ le fún adìyẹ ju 33°C kan náà lọ ní ilẹ̀ gbígbẹ.

Ìkejì ni ọjà. Bí Kérésìmesì, Àjíǹde tàbí Iléyá bá ń bọ̀, a ó mú adìyẹ, a ó dè é lẹ́sẹ̀ tàbí kí a rọ́ ọ sínú àgò, a ó gbé e sínú ọkọ̀, ọkọ̀ yóò sì há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú oòrùn. Ooru, ebi, òǹgbẹ, ariwo àti ìbẹ̀rù á wá pa pọ̀ ní wákàtí díẹ̀.

Bí másùnmáwo ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara ẹyẹ

Ní ọdún 1936, Hans Selye, onímọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Montreal ní Kánádà, kọ lẹ́tà kúkúrú kan sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí a ń pè ní Nature. Ó sọ pé bí ìnira tó dé bá ara ṣe lè yàtọ̀ tó, ìdáhùn kan náà ni ara máa ń fún un. Ọ̀rọ̀ yìí ni ìpìlẹ̀ ohun tí a mọ̀ lónìí.

Ọ̀nà méjì ni ara adìyẹ ń gbà dáhùn. Ọ̀nà kìn-ín-ní yára bí ìṣẹ́jú àáyá: bí àwòdì bá rà bàbà lókè, adrenaline yóò tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn yóò máa lù kìkì, adìyẹ yóò sì sá. Ọ̀nà kejì kò yára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ jù. Apá ọpọlọ kan tó ń jẹ́ hypothalamus yóò ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ. Ẹṣẹ́ yìí yóò rán họ́mónù ACTH sínú ẹ̀jẹ̀. ACTH yóò dé ọ̀dọ̀ ẹṣẹ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíndìnrín, àwọn yẹn yóò sì tú corticosterone jáde. Cortisol ni ènìyàn ní. Corticosterone ni ti ẹyẹ.

Iṣẹ́ corticosterone ni kí ó wá agbára fún ara lójú ẹsẹ̀. Yóò sọ ẹran ara di ṣúgà, yóò sì dá àwọn iṣẹ́ tó lè dúró dúró: ìdàgbà, ẹyin yíyé, àti pípèsè ọmọ ogun tí ara fi ń bá àrùn jà. Fún wákàtí kan, oore ni èyí jẹ́. Bí ó bá di ọ̀pọ̀ ọjọ́, oore di òfò. Adìyẹ ẹran kò ní tóbi mọ́, ẹyin yóò dín kù, àwọn ẹ̀yà ara tó ń pèsè ọmọ ogun yóò sì sún kì. Ìdí nìyí tí àjẹsára tí a fún adìyẹ lákòókò ìnira kì í fi í ràn án lọ́wọ́ bó ṣe yẹ, tí àrùn lúkúlúkú, èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle, fi lè wọ agbo tí a ti fún ní àjẹsára.

Èèpo ẹyin tó fẹ́lẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí adìyẹ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, afẹ́fẹ́ káàbọ́ọ̀nù tó yẹ kí ó fi ṣe èèpo ẹyin ń bá èémí lọ.

Oríṣi òògùn tó ń dí ọ̀nà họ́mónù

A lè pín àwọn òògùn wọ̀nyí sí mẹ́ta.

Oríṣi kìn-ín-ní kì í jẹ́ kí ara ṣe họ́mónù náà. Metyrapone ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Ó ń dá iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn nínú ṣíṣe corticosterone dúró. Òògùn ènìyàn ni: àwọn dókítà ń lò ó fún aláìsàn tí cortisol rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn onímọ̀ ti fún adìyẹ ní metyrapone nínú yàrá ìwádìí láti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí corticosterone kò bá sí.

Oríṣi kejì jẹ́ kí họ́mónù wà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ara gbọ́ ohun tó ń sọ. Mifepristone ń dí etí ara sí corticosterone. Propranolol ń dí etí ọkàn sí adrenaline. Òògùn kan tó jọ propranolol, carazolol, ni a ti fún ẹlẹ́dẹ̀ ní Yúróòpù kí ó má baà kú lójú ọ̀nà ilé ìpẹran. Lábẹ́ òfin líle ni wọ́n fi í sí, wọ́n sì fi ìwọ̀n dé ìyókù tó lè wà nínú ẹran náà.

Oríṣi kẹta ń gbọ́n ibi tí ara ń kó irú họ́mónù bí adrenaline pamọ́ sí gbẹ. Reserpine ni, òun sì kan ilẹ̀ Yorùbá gidigidi. Ó wà nínú gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ, igi tí àwọn oníṣègùn wa ti fi ń wo wèrè láti ayébáyé. Ní ọdún 1952 ni àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ reserpine jáde láti ara igi Íńdíà kan tó bá asofẹ́yẹjẹ tan. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ láti Kánádà, kọ̀wé nípa bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà ṣe ń lo igi náà. Ní nǹkan bí àkókò yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ń fún tòlótòló ní reserpine kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lè lọ sílẹ̀, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá má baà bẹ́ nínú wọn.

A rí i pé ìmọ̀ náà kì í ṣe àlá. Ohun tó kù ni ìdí tí a kò fi gba ọlọ́sìn níyànjú láti lò ó.

Ìdí tí kò fi yẹ kí a fún adìyẹ wa

Ìdí kìn-ín-ní: ońṣẹ́ ni họ́mónù, òun kọ́ ni ìyà. Bí a bá dí ẹnu ońṣẹ́, ilé adìyẹ kò tutù, omi kò wọ inú kòtò mímu, àgò ọkọ̀ kò sì gbòòrò sí i. Adìyẹ tí a gba họ́mónù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ooru dà bí ẹni tí a gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà yíyọ̀. Ní Virginia ní Amẹ́ríkà, Gross àti Siegel, tí wọ́n lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí, rí i pé másùnmáwo tó pọ̀ ń jẹ́ kí àrùn bíi Newcastle àti Marek tètè borí adìyẹ, ṣùgbọ́n adìyẹ tí kò ní másùnmáwo rárá kì í lè kojú kòkòrò bíi E. coli dáadáa. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ara ń fẹ́. Àwọn méjèèjì yìí náà ló fi hàn ní ọdún 1983 pé bí a bá ka oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun méjì nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, a lè mọ bí másùnmáwo agbo ṣe pọ̀ tó. Dókítà ẹran tó ní ẹ̀rọ awòhun-kékeré lè ṣe èyí fún ọlọ́sìn.

Ìdí kejì: ìyókù òògùn nínú ẹyin àti ẹran. Ojoojúmọ́ ni adìyẹ ń yé, ojoojúmọ́ ni ará ìlú sì ń jẹ ẹyin. Mifepristone jẹ́ òògùn tó ń ba oyún jẹ́. Propranolol ń dín ìlù ọkàn kù, ó sì léwu fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Reserpine ń mú ìbànújẹ́ ọkàn bá àwọn kan. Kò yẹ kí aláboyún tàbí ọmọdé bá irú nǹkan wọ̀nyí pàdé nínú ẹyin díndín.

Ìdí kẹta: òfin. Àjọ NAFDAC, tí a dá sílẹ̀ pẹ̀lú Òfin Kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún 1993, ni àkóso òògùn ẹranko wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òògùn tí kò bá ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC fún ẹran ọ̀sìn, kí ọlọ́sìn má ṣe rà á, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á fẹnu yìn ín tó. Ayé ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí rí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń fi hóró họ́mónù kan tó ń jẹ́ DES sábẹ́ awọ ọrùn àkùkọ kí ó lè sanra. Nígbà tí wọ́n rí i pé ìyókù rẹ̀ ń wọ inú ẹran, wọ́n fòpin sí i lára adìyẹ ní ọdún 1959.

A tún gbọ́dọ̀ kìlọ̀ lórí nǹkan méjì. Ẹ má ṣe se gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ fún adìyẹ: kò sí ẹni tó lè fojú wọn ìwọ̀n reserpine tó wà nínú gbòǹgbò kan. Ẹ má sì ṣe fún un ní dexamethasone láti fi tọ́jú ìnira. Òògùn yẹn kì í dí ọ̀nà họ́mónù másùnmáwo, àfarawé rẹ̀ ni ó jẹ́. Yóò tẹ ọmọ ogun ara rì, àrùn yóò sì rí ọ̀nà wọlé. Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni.

Fítámì C: ọ̀nà tó sún mọ́ ọn tí kò léwu

Adìyẹ ń ṣe fítámì C fúnra rẹ̀ nínú kíndìnrín. Nígbà ooru, èyí tó ń ṣe kì í tó o mọ́. Bí a bá fi kún un, corticosterone tí ẹṣẹ́ ń tú jáde máa ń dín kù, láìjẹ́ pé ó tán. Èyí gan-an ni ohun tí ọlọ́sìn ń wá lọ́wọ́ òògùn adínà, láìsí ìyókù tó lè pa ẹni tó jẹ ẹyin lára. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí fítámì C fún adìyẹ nínú ooru àti ẹran ọ̀sìn tí a ń gbé rìnrìn àjò.

Ìwọ̀n tí a sábà máa ń lò ni mílígíráàmù 200 sí 250 nínú kílógíráàmù oúnjẹ kan. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran bá yín ṣírò èyí tí ẹ ó fi sínú omi. Oòrùn, ooru, irin àti chlorine inú omi ẹ̀rọ máa ń ba fítámì C jẹ́. Nítorí náà, ẹ pò ó ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ lo ike dípò irin, kí ẹ sì da èyí tó bá kù di ọjọ́ kejì nù.

Ohun tí ọlọ́sìn lè ṣe nínú ilé adìyẹ

Omi. Nínú ooru, adìyẹ lè mu omi ní ìlọ́po mẹ́rin ìwọ̀n oúnjẹ tó jẹ. Ẹ bo táńkì, ẹ sin páìpù sínú ilẹ̀, kí omi má baà gbóná. Ẹ pààrọ̀ omi lọ́sàn-án.

Oúnjẹ. Bí adìyẹ bá jẹun, dídà oúnjẹ náà ń mú ooru wá fún wákàtí bíi mélòó kan. Ẹ fún un ní oúnjẹ ní kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má ṣe fún un láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní ọjọ́ tí ooru bá mú.

Àyè. Bí oṣù Kejì bá ń bọ̀, ẹ dín iye adìyẹ inú yàrá kù. Èyí tí ẹ kó há yóò gba ooru lára ara wọn.

Ilé. Bí ẹ bá ń kọ́ ilé tuntun, kí gígùn rẹ̀ lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn má baà wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ó má fẹ̀ ju mítà 12 lọ bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Ẹ kun páànù ní funfun, ẹ gbin igi sí ìta, ṣùgbọ́n kí ẹ̀ka má dí afẹ́fẹ́ lọ́nà.

Ìbàlẹ̀ ọkàn. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé ta bángà nítòsí. Òru tàbí òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ fún wọn ní àjẹsára, kí ẹ má sì ṣe é ní ọjọ́ tí ooru mú.

Irú adìyẹ. Àwọn baba wa mọ òpìpì, adìyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò lè fò. Nínú ooru, àǹfààní ni ìyẹ́ díẹ̀ jẹ́ fún un, bákan náà ni fún èyí tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn. Ẹ lè béèrè nípa irú adìyẹ tó bá ilẹ̀ wa mu, bí FUNAAB Alpha tí yunifásítì ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta mú jáde láti ara adìyẹ ìbílẹ̀.

Nígbà tí a bá ń gbé e lọ sí ọjà

Ẹ mú adìyẹ lóru, nínú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, nítorí kì í jà púpọ̀ bí kò bá ríran dáadáa. Ẹ fi fítámì C sínú omi rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹ gbé e kúrò ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú kí ilẹ̀ tó mọ́, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà bá a lójú oòrùn. Ẹ má ṣe to àgò di ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè kọjá, ẹ má sì ṣe so adìyẹ rọ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà. Bí ọkọ̀ bá há, ẹ wá ibòji.

Bí ikú bá pọ̀ lójijì

Ẹ má ṣe yára dá a lé ooru. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, orílẹ̀-èdè wa ni ó kọ́kọ́ kéde àrùn lùkúlùkù ẹyẹ H5N1 ní Áfíríkà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015, ó tún padà wá, Ìpínlẹ̀ Èkó sì wà lára ibi tó kọ́kọ́ dé. Ikú ooru sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án, ó máa ń mú èyí tó sanra jù, ó sì máa ń dáwọ́ dúró bí ilẹ̀ bá tutù. Ikú àrùn kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Bí ẹ bá rí orí tó wú, ogbe tó dúdú tàbí ikú tí kò dáwọ́ dúró lóru, ẹ má ṣe ta àwọn tó kù, ẹ má ṣe jẹ òkú, ẹ má sì gbé e sọ sínú ọ̀sà. Ẹ ké sí dókítà ẹran ìjọba lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹyin àti adìyẹ

Ìròyìn kan wà nígboro pé họ́mónù ni ó ń mú kí adìyẹ òyìnbó dàgbà kíákíá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìran tí a ti ṣà lọ́nà ìmọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún àti oúnjẹ tó péye ni ó ń fà á. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó ń tà á ni bí ó ṣe tọ́jú adìyẹ rẹ̀, irú òògùn tó fún un, àti ọjọ́ tó dáwọ́ òògùn náà dúró.

Ibi tí ẹ ti lè rí ìrànlọ́wọ́

Ilé Iṣẹ́ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ètò ọ̀gbìn ní àwọn dókítà ẹran àti àwọn olùkọ́ni ọ̀gbìn. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ní ìjọba ìbílẹ̀ tó bá súnmọ́ yín ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, wọn yóò sì darí yín. Bí ẹnìkan bá wá ta òògùn tó ní yóò mú kí adìyẹ má bẹ̀rù, kí ó má sì mọ ooru, ẹ bi í ní nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ jẹ́ kí ó gbé òògùn rẹ̀ lọ, kí ẹ̀yin sì lọ pààrọ̀ omi adìyẹ yín.